Màmá ń lọ wẹ ọmọ ní Houston: kí ni kí wọ́n gbé dání nínú ohun tó ń lo iná?

Ọmọ Bódìjà
Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Àbúrò mi obìnrin bímọ ní Houston, Màmá wa sì ń lọ wẹ ọmọ fún oṣù mẹ́ta. Láti ọjọ́ tí físà ti jáde ni wọ́n ti ń di ẹrù. Mo yọjú wo inú àpótí lánàá, mo rí fóònù méjì, áyọ́ọ̀nù, bílẹ́ńdà tí wọ́n ti fi ń lọ ata láti bí ọdún mẹ́fà, tọ́ọ̀ṣì oníṣáàjì, àti páwà báǹkì gàgàrà kan tí ẹ̀gbọ́n mi rà fún wọn. Mo ní ṣé gbogbo èyí á ṣiṣẹ́ níbẹ̀? Wọ́n ní kí n sáà lọ ra "nǹkan tí wọ́n máa ń kì bọ ihò iná" wá, pé ìyẹn náà ni. Ṣé lóòótọ́ ni pé ìyẹn náà ni? London ni wọ́n á ti wọ bàálù kejì, wọ́n á sì dúró níbẹ̀ fún wákàtí márùn-ún.

Bàbá Oníná, Mushin
Rárá o. Àdápítà tí ẹ fẹ́ lọ rà yẹn, ẹnu ló ń yí padà, kì í yí iná padà. Iná tiwa níbí, 230 volt ni. Ti Amẹ́ríkà, 120. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, kò sì sí ọdún Kérésì kan tí wọn kì í gbé ẹrù ará òkè-òkun tó ti jó wá bá mi. Wọ́n á ní "Bàbá, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni o, tuntun ni." Tuntun ni lóòótọ́. Òórùn rẹ̀ nìkan ló ti gbó.

Ẹ yí ṣájà kọ̀ọ̀kan dojú dé, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ INPUT sí. Lẹ́tà ibẹ̀ kéré bí ẹsẹ̀ èèrà, ẹ fi fóònù yà á ní fọ́tò kí ẹ wá fẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá rí "100-240V 50/60Hz", ọkàn yín balẹ̀. Ó ń jẹ iná Bódìjà, ó ń jẹ iná Houston, ẹnu rẹ̀ nìkan lẹ máa bá a wá. Bí ó bá jẹ́ "220-240V" ni wọ́n kọ, ilé ni kó jókòó sí. Ṣájà fóònù àti ti láàpútọ́ọ̀pù òde òní, fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo wọn ló ń gbà. Àwọn tó ń gbóná àtàwọn tó ń yí ni kì í sábà gbà: áyọ́ọ̀nù, kẹ́tù, bílẹ́ńdà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun.

Ẹ kà wọ́n fún mi níbí lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ Bódìjà
Ẹ ṣé gan-an, sà. Mo ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Ṣájà fóònù ńlá: 100-240V. Ti fóònù kékeré: kò sí ohun tí mo rí kà, gbogbo rẹ̀ ti pa rẹ́. Áyọ́ọ̀nù: 220-240V, 1200W. Ti bílẹ́ńdà, ṣíbí ni mo fi ha ata gbígbẹ kúrò nídìí rẹ̀ kí n tó rí i: 220-240V, 50Hz, 700W.

Màmá ní irọ́ ni mò ń pa. Wọ́n ní òyìnbó ló ṣe bílẹ́ńdà, báwo ni kò ṣe ní ṣiṣẹ́ nílùú òyìnbó.

Bàbá Oníná, Mushin
Ẹ bá mi kí Màmá. Ẹ sọ fún wọn pé bí wọ́n bá kì í bọ iná Amẹ́ríkà, kò ní jó, ṣùgbọ́n yóò máa yí bí ẹni tí ebi ń pa. Ata rodo kan kò ní kúnná. Áyọ́ọ̀nù náà kò ní gbóná tó èyí tó lè na ìró.

Ṣájà tí ìwé ara rẹ̀ ti pa rẹ́ yẹn, ẹ jù ú nù. Ẹ gbé e sọ́wọ́ kan, kí ẹ gbé tòótọ́ sọ́wọ́ kejì. Bí ó bá fúyẹ́ bí páálí ìṣáná, kò sí ohun gidi nínú rẹ̀. Irú wọn ni iná àti fóònù yín máa ń pàdé nínú rẹ̀ láìsí ohun tó là wọ́n.

Ìyá Ìbejì, Peckham
Ẹ kú oríire ọmọ tuntun o, Olúwa á wò ó. Ti London kò le rárá. Ihò iná ibí àti tilé, ọ̀kan náà ni, eléyín mẹ́ta onígun, 230 volt. Ṣájà tí Màmá ń lò ní Bódìjà ni kí wọ́n kì bọ ọ́ ní pápákọ̀ òfuurufú.

Ẹ rí i pé wọ́n ṣáàjì fóònù méjèèjì kó kún kí wọ́n tó kúrò nílé. Àwọn òṣìṣẹ́ ààbò lè ní kí èèyàn tan fóònù tàbí láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ fáwọn rí, bí kò bá sì tàn, wọ́n lè ní kò ní bá a wọ bàálù.

Ohun kan wà tí inú mi kì í dùn sí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ níbi tí àwọn ará ilé pọ̀ sí. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣájà eléyín méjì róbótó kò wọ ihò mẹ́ta, a ó mú bíírò, a ó fi ti ihò òkè, ilẹ̀kùn kékeré inú rẹ̀ á ṣí, a ó wá ti ṣájà wọlé tipátipá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dé láti Ìlọrin, ọjọ́ kejì ni mo bá bíírò nínú ihò iná mi, ó fi í sílẹ̀ síbẹ̀, ó ti lọ wẹ̀! Ilẹ̀kùn kékeré yẹn ló ń gba ọmọdé lọ́wọ́ iná. Eyín róbótó yẹn kì í sì í fún mọ́ ibẹ̀ dáadáa, ẹ ó máa gbọ́ tí ó ń ta pàrà pàrà nínú. Púlọ́ọ̀gì tibí ní fíúsì nínú, 3 amp tàbí 13, eléyín méjì yẹn kò ní. Àdápítà kò wọ́n, ẹ jọ̀ọ́.

Ihò kékeré ẹ̀gbẹ́ dígí nínú bálùwẹ̀ hòtẹ́ẹ̀lì níbí, ẹ̀rọ ìfárùngbọ̀n ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ má fi ṣáàjì fóònù.

Onígbàjámọ̀, Baltimore
Bàbá Oníná, mo wà lára àwọn tí ẹ ń bú. Mo gbé kílípà méjì láti ibí lọ sí Abẹ́òkúta nípari ọdún, mo fẹ́ fi ṣe fáàrí fún ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Mo ra àdápítà, mo kì í bọ iná, mo gbé e lé orí oníbàárà. Kò pé ìṣẹ́jú kan tó fi bẹ̀rẹ̀ sí kígbe bí eṣinṣin ńlá inú agolo. Ó gbóná mọ́ mi lọ́wọ́, òórùn rọ́bà gba ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà dìde pẹ̀lú ààbọ̀ irun. Ọ̀gá mi kò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn mú abẹ tiwọn.

Wọ́n bá mi wá tiransifọ́mà fún ìkejì. Kò jó, ṣùgbọ́n ariwo ni ṣáá, kò gé irun. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo wá mọ̀ pé yàtọ̀ sí volt, Hz tún wà, ìyẹn iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Iná Amẹ́ríkà 60Hz, tilé 50Hz, tiransifọ́mà kì í yí ìyẹn padà. Kílípà irú èyí tí mo gbé lọ, ìró iná gan-an ló ń bá jó. Báyìí, kílípà oníbátìrì ni mò ń gbé rìn, mo sì ti ka ẹ̀yìn ṣájà rẹ̀ bí ẹni ń ka Sáàmù.

Ọmọ Arìnrìnàjò
Ẹ jẹ́ ká fi bílẹ́ńdà sílẹ̀ ná. Páwà báǹkì gàgàrà yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. mAh mélòó ni wọ́n kọ sí i lára?

Ọmọ Bódìjà
50000.

Ọmọ Arìnrìnàjò
Ilé náà ni kó jókòó sí. Ìṣirò rẹ̀ nìyí: ẹ fi 3.7, ìyẹn volt bátìrì inú rẹ̀, sọ mAh di púpọ̀, kí ẹ fi 1000 pín in, Wh lẹ ó rí, ìyẹn ìwọ̀n iná tó lè gbà sínú. 20000 á fún yín ní 74 Wh. 30000 á fún yín ní 111. 50000, 185 ni. Ohun tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ bàálù ń tẹ̀ lé ni pé bí kò bá ju 100 Wh, ẹ gbé e máa bọ̀. Láàárín 100 sí 160, ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn, kò sì gbọ́dọ̀ ju méjì lọ. Tó bá ti kọjá 160, kò sí ẹ̀bẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa sọ pé irọ́ ni nọ́ḿbà ara páwà báǹkì ọjà wa, pé wọ́n kọ 50000 sí èyí tí inú rẹ̀ kò tó 10000. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ ni òṣìṣẹ́ pápákọ̀ máa kà, kò ní tú u wò.

Inú báàgì ọwọ́ ni páwà báǹkì gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe inú àpótí tó ń lọ sísàlẹ̀ bàálù. Bí ó bá gbaná lókè, àwọn èèyàn wà níbẹ̀ tí wọ́n á rí i. Bí ó bá gbaná nísàlẹ̀ ńkọ́? Ní January 28, 2025, bàálù Air Busan kan gbaná ní pápákọ̀ Gimhae ní Kòríà kó tó gbéra, wọ́n sá jáde tán ni, ṣùgbọ́n òkè bàálù náà jó tán. Páwà báǹkì ni àwọn olùwádìí fura sí. Láti ìgbà náà ni òfin ti ń le sí i. Singapore Airlines ní láti April 1, 2025, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ lo páwà báǹkì nínú bàálù àwọn. Emirates ṣe tiwọn láti October 1 ọdún náà: ọ̀kan péré, kó má ju 100 Wh, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ lò ó lókè. Ẹ̀yin tó ń lọ ra ọjà ní Ṣáínà, láti June 28, 2025, tí páwà báǹkì yín kò bá ní àmì 3C, àmì ìfọwọ́sí ìjọba Ṣáínà, lára, kò lè wọ bàálù abẹ́lé wọn.

Ohun kan tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé: bí bàálù bá kún, wọ́n lè gba báàgì ọwọ́ Màmá lẹ́nu ọ̀nà pé àwọn ń gbé e sísàlẹ̀. Kí wọ́n yọ páwà báǹkì jáde kí wọ́n tó fi báàgì sílẹ̀ o.

Alhaja Òkè-Ààrẹ
Sàlámù àlékùmù. Ẹ̀yin tó ń lọ Háájì, eléyín mẹ́ta bíi tiwa ni ti Saudi, 230 volt, ẹ má fowó ra àdápítà. Ìṣòro ti Mínà, ibùdó àgọ́ Háájì, ni èrò. Ihò iná kan, èèyàn ogún. Wọ́n á kì ẹkisitẹ́ńṣọ̀n bọ ẹkisitẹ́ńṣọ̀n, wọ́n á tún kì òmíràn bọ ìyẹn, wọ́n á wá fi kẹ́tù tíì parí rẹ̀. Mo fọwọ́ kan wáyà tó gba abẹ́ ẹní mi kọjá, ó gbóná bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí iná sọ̀. Mo pariwo. Wọ́n ní Alhaja, ẹ ti pọ̀ jù. Mo fa kẹ́tù náà yọ fúnra mi. Ẹ ṣáàjì fóònù yín lóru ní hòtẹ́ẹ̀lì kí ẹ tó lọ sí Mínà, kí ẹ gbé páwà báǹkì kékeré kan dání.

Akẹ́kọ̀ọ́, Leipzig
Jámánì: eyín méjì róbótó, irin ilẹ̀ (earth) wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì ihò rẹ̀. Àdápítà tí mo rà ní ojú pópó nílé kò ní irin kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Láàpútọ́ọ̀pù mi tó jẹ́ irin lára, bí mo bá ń ṣáàjì rẹ̀ tí mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ pa á, ó ń rìn mí gìrìgìrì bí ìgbà tí eèrùn ń gun èèyàn lápá. Mo rò pé láàpútọ́ọ̀pù ló bàjẹ́, mo ti fẹ́ gbé e fún alátùn-únṣe. Àdápítà ni. Kò ní ilẹ̀, iná kékeré tó yẹ kó bá ilẹ̀ lọ wá ń bá ọwọ́ mi lọ. Mo pààrọ̀ rẹ̀, ó dákẹ́. Nítorí náà, bí wáyà láàpútọ́ọ̀pù yín bá jẹ́ eléyín mẹ́ta, àdápítà tó ní ilẹ̀ ni kí ẹ rà.

Ọmọ Kọ̀ǹpútà, Yábàá
Kò sẹ́ni tó dárúkọ ihò USB ti pápákọ̀. Ẹ má fi wáyà kì bọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Inú wáyà kan náà tí iná ń gbà ni fáìlì ń gbà, olè lè ti ibẹ̀ wọ fóònù yín.

Ọmọ Arìnrìnàjò
Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yẹn pọ̀ ju ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ. Òótọ́ ni pé FBI ti Denver kìlọ̀ nípa rẹ̀ ní April 2023. Ṣùgbọ́n FCC, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀, kọ ọ́ pé àwọn kò mọ̀ nípa ẹyọ kan tó dájú pé ó ṣẹlẹ̀.

Ọmọ Kọ̀ǹpútà, Yábàá
Mo gbà. Kó má baà dàríyànjiyàn, kí Màmá lo ṣájà tiwọn nínú ihò iná ara ògiri, ọ̀rọ̀ tán. Bí fóònù bá sì béèrè pé ṣé kí òun fọkàn tán kọ̀ǹpútà yìí, kí wọ́n tẹ rárá. Ìyẹn nìkan.

Alájàpá, Kùtọnu
Ẹ̀yin tó ń gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá, 220 volt ni tibí, iná kò ní jó nǹkan yín. Ihò róbótó ni, òmíràn ní irin ilẹ̀ tó yọ síta láàárín. Àdápítà wà ní Dantokpa, owó rẹ̀ kò tó owó ọkọ̀ yín.

Ọmọ Bàhíà
Brazil ni kí ẹ wá bẹ̀rù! Gbogbo ihò iná wọn jọra, ihò mẹ́ta róbótó nínú kòtò onígun mẹ́fà, ṣùgbọ́n iná inú wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ní Salvador, 127 volt. Ní Recife, 220. Bí ẹ bá wá ṣe ọdún ní ilé òrìṣà, tí ẹ gbé áyọ́ọ̀nù dání láti na aṣọ funfun, ẹ kọ́kọ́ bi onílé léèrè: "É cento e dez ou duzentos e vinte?" (Ṣé 110 ni àbí 220?) 127 ni wọ́n ń pè ní cento e dez, ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú.

Awo Havana
Ní Kúbà, eyín pẹlẹbẹ bíi ti Amẹ́ríkà ló pọ̀, 110 volt, ihò 220 sì wà nínú àwọn ilé kan. Ṣùgbọ́n kí iná wà ná! Ní October 2024, iná gbogbo erékùṣù náà lọ pátápátá. Ẹni tó bá ń bọ̀ wá ṣe Ifá kó gbé páwà báǹkì àti fìtílà oníòòrùn. Ará Nàìjíríà kò kúkú ní ṣàì múra sílẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Houston
Mo wà nínú ìlú náà. Ẹ má jẹ́ kí Màmá gbé áyọ́ọ̀nù àti bílẹ́ńdà wá rárá, kí àbúrò yín ra tibí kalẹ̀ dè wọ́n. Ẹ fi àyè inú àpótí gbé èlùbọ́.

Àbí kí wọ́n ra àwọn kọnfátà kékeré tó ń sọ iná di 220?

Bàbá Oníná, Mushin
Kọnfátà fífúyẹ́ tí wọ́n kọ 1600W sí, tó ṣe é dì mọ́wọ́? Ohun tó ń gbóná lásán ni wọ́n ṣe é fún, bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun, kì í sì í ṣe fún wákàtí gígùn. Ẹ má fi fóònù tàbí láàpútọ́ọ̀pù sún mọ́ ọn. Tiransifọ́mà gidi wúwo, inú rẹ̀ kún fún wáyà bàbà. Fún bílẹ́ńdà ata? Ẹ gbọ́ ti Ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹ gbé èlùbọ́.

Ọmọ Bódìjà
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Màmá ti dé Houston láti ọ̀sẹ̀ méjì. Páwà báǹkì 10000 ni wọ́n gbé. Lóòótọ́ ni wọ́n gba báàgì ọwọ́ wọn lẹ́nu ọ̀nà bàálù ní London. Màmá ní àwọn rántí ọ̀rọ̀ "ọmọkùnrin inú fóònù yẹn", àwọn yọ páwà báǹkì, àwọn tì í bọ àpò búbà. Ọmọ Arìnrìnàjò, àdúrà yín ti gbà.

Ohun kan ló ń dà wọ́n láàmú. Lálaalẹ́ ni wọ́n ń ṣáàjì fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àárọ̀ ni wọ́n ń bá a ní 4%. Lọ́sàn-án, ihò kan náà, ṣájà kan náà, ó ń gba iná dáadáa. Wọ́n ní NẸ́PÀ wà ní Amẹ́ríkà náà, pé wọ́n kàn ń bò ó ni.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Houston
Ẹ ní kí wọ́n má paná yàrá lálẹ́ òní, kí wọ́n wò ó. Nínú ọ̀pọ̀ ilé níbí, suwíìṣì ẹnu ọ̀nà ló ń darí ọ̀kan nínú àwọn ihò iná yàrá, nítorí fìtílà tí wọ́n ń gbé kalẹ̀. Bí Màmá bá paná, wọ́n ti pa ṣájà náà. Ara ògiri kejì ni kí wọ́n lọ.

Hòtẹ́ẹ̀lì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ará. Bí ẹ bá fa káàdì ilẹ̀kùn yọ lára ògiri, iná yàrá lọ, láàpútọ́ọ̀pù tí ẹ fi sílẹ̀ kò ní gba ohunkóhun.

Ìyá Ìbejì, Peckham
Ẹ tún bá mi bi Màmá bóyá abẹ́ ìrọ̀rí ni fóònù ń sùn tó bá ń gba iná. Mo mọ àwọn ìyá wa, nítorí kí wọ́n lè gbọ́ ìpè ilé lóru. Bátìrì kì í fẹ́ ooru, orí tábìlì ni kó wà. Bí ẹ̀yìn fóònù bá sì ti wú, kí wọ́n má ṣáàjì rẹ̀ mọ́ rárá.

Ọmọ Bódìjà
Suwíìṣì náà ni! Abẹ́ ìrọ̀rí náà ni, ẹ ṣé mà. Ó ti wà lórí tábìlì báyìí.

Ọmọ Bódìjà
Ẹ̀yin ará, èmi náà ni mo tún dé. Àbúrò mi ra bílẹ́ńdà tuntun fún lílọ ata níbẹ̀. Màmá ní irú rẹ̀ kò sí, pé ata kúnná bí ẹ̀tù, pé àwọn ń gbé e bọ̀ nílé. Mo ti pè wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta.

Bàbá Oníná, Mushin
Kí ni wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀?

Ọmọ Bódìjà
120V, 60Hz, 700W. Wọ́n ti dì í mọ́ àárín aṣọ ọmọ nínú àpótí, sà.

Bàbá Oníná, Mushin
Ẹ lọ ra tiransifọ́mà 1500W sílẹ̀ kí wọ́n tó dé. Ẹ wá ẹni tó máa bá yín gbé e dé kíṣìnnì o, ó wúwo ju bílẹ́ńdà náà lọ.